Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Báwo Ni A Ṣe Ń Ṣe Àkọsílẹ̀ Àdúgbò Àtijọ́ Kí Ó Lè Wúlò fún Gbogbo Ènìyàn?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa kan tí a jẹ́ ọmọ àdúgbò àtijọ́ kan ní àárín ìlú ńlá ti kó ara wa jọ láti ṣe àkọsílẹ̀ àdúgbò wa kí ó tó parẹ́, torí pé ọdọọdún ni wọ́n ń wó nínú àwọn ilé ibẹ̀. Fọ́tò tí a ti yà sórí fóònù ti pọ̀ kọjá ohun tí a lè kà. Àwọn kan nínú wa ní kí a dáwó ra dúróònù, àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ kọ ìtàn àdúgbò náà sínú ìwé kan, àwọn mìíràn sì ní kí a máa gbé gbogbo rẹ̀ sórí Facebook bí ó bá ṣe ń wọlé. Àwọn àgbàlagbà tí a bá sọ̀rọ̀ kò fẹnu kò lórí ẹni tó kọ́ ilé wo, àwọn onílé kan sì ń bẹ̀rù pé a fẹ́ tú àṣírí ilẹ̀ àwọn. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé iṣẹ́ yìí sì lè dá àwọn tó ń wólé dúró?”

Lẹ́tà náà gùn ju bí mo ṣe gé e kúrú síhìn-ín lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹni tó kọ ọ́ lọ́kàn kò ju méjì lọ. Ó fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ wọn ṣe lè ṣe àkọsílẹ̀ tí àjèjì tí kò dé àdúgbò náà rí yóò lè lò, tí yóò sì lè gbà gbọ́. Ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àkọsílẹ̀ náà lè gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ awólé. Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ìrètí tí àwọn ènìyàn gbé lé e ló máa ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Wọn a sáré ya ilé tó wà nínú ewu, wọn a fi ariwo gbé e jáde, bí wọ́n bá sì wó ilé náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkàn gbogbo wọn a rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ a sì dúró.

Kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: àkọsílẹ̀ nìkan kì í dáàbò bo ilé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1867 ni wọ́n gbé àmì ìrántí sí ara ilé tí wọ́n ti bí akéwì Byron, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì ìrántí tí a mọ̀ mọ́ ìlú náà títí di òní. Nígbà tó di 1889, wọ́n wó ilé náà bí ẹni pé àmì kankan kò sí lára rẹ̀. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ńlá lórí àwọn ilé Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Survey of London, tí ayàwòrán ilé C. R. Ashbee dá sílẹ̀ ní 1894, inú ìbínú ló ti jáde, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ilé àtijọ́ pàtàkì kan ní Bromley-by-Bow láti kọ́ ilé ìwé sí ojú rẹ̀ ni. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1900, wọ́n ṣì ń bá a lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé tó wà nínú àwọn ìwé náà ni ẹ kò ní bá níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Historic American Buildings Survey tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n fi gba àwọn ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ilé àtijọ́. Ohun tó ń dáàbò bo ilé ni òfin tí wọ́n ń mú ṣẹ, owó àtúnṣe tó wà lọ́wọ́ onílé, àti kí ilé náà ṣì wúlò fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé òfin kò lè nawọ́ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní New York, ìbínú àwọn ará ìlú sí wíwó ibùdókọ̀ ojú irin Pennsylvania Station, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1963, wà lára ohun tó fa òfin ìdáàbòbò ilé àtijọ́ tí ìlú náà ṣe ní 1965; ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ tí òfin náà gbé kalẹ̀ tó lè dá ẹjọ́ ilé kan, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti kọ ibi tó wà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìdí tó fi ṣe pàtàkì sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí fún onílé tàbí ayálégbé kankan pé bí ó bá gbà kí ẹ ya ilé òun, wọn kò ní wó o.

Àmọ́ ṣá, àkọsílẹ̀ a máa ní ọjọ́ tirẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Warsaw, olú ìlú Poland, ti wọn ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ìlú wọn, wọ́n sì ti yà wọ́n sórí ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì pa àdúgbò àtijọ́ náà run lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú dìde sí wọn ní 1944, ohun tó di àlàpà níbẹ̀ lé ní ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìwé ìwọ̀n tí wọ́n ti fi pamọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi tún un kọ́, UNESCO sì kọ àdúgbò náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1980. Wọ́n tún wo àwọn àwòrán tí Bernardo Bellotto kùn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Bellotto a máa ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ju bí ó ti rí lọ nígbà mìíràn, nítorí oníṣẹ́ ọnà ni. Ìdí nìyẹn tí ibì kan fi wà ní àdúgbò náà lónìí tó jọ àwòrán rẹ̀ ju ilé tí ogun bá níbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ tiyín ní àádọ́ta ọdún sí i kò ní rí yín bi pé èwo ni ẹ fojú rí, èwo ni wọ́n sọ fún yín, èwo sì ni ẹ kàn rò. Bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú ìdáhùn yìí, ẹ mú èyí: ẹ jẹ́ kí àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kọ.

Ìdí èyí gan-an ni mo fi fẹ́ kí ẹ dáwọ́ fọ́tò yíyà dúró fún ìgbà díẹ̀. Láàárín 1939 sí 1941, ìlú New York rán àwọn oníkámẹ́rà jáde láti ya gbogbo ilé tó wà ní ìlú náà nítorí owó orí. Bí ẹ bá wo ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, ẹ ó rí pátákó kékeré kan níwájú ilé, nígbà mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dání, tí wọ́n to nọ́ńbà sí lára láti fi ilẹ̀ náà hàn nínú ìwé ìjọba. Àwọn fọ́tò náà kò lẹ́wà rárá. Ọkọ̀ dí iwájú ilé mìíràn, èrò ọ̀nà a sì ṣèèṣì bọ́ sínú òmíràn. Síbẹ̀, nínú fọ́tò tó lé ní 700,000, ẹnikẹ́ni lè wá ilé ìyá ìyá rẹ̀ rí lónìí, nítorí pátákó yẹn. Fọ́tò tiyín lè dára ju ìwọ̀nyẹn lọ ní gbogbo ọ̀nà, kí ó sì má wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ẹni tó yà á kò bá sí nítòsí láti sọ ohun tó jẹ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò le, ó kàn ń gba sùúrù ni. Ẹ ya máàpù àdúgbò náà sórí ìwé fífẹ̀, kí ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiyín, títí kan ilé tí wọ́n ti wó àti ilẹ̀ tó ṣófo. Nọ́ńbà tí ìjọba kọ sára ògiri lè yí padà, orúkọ òpópónà náà lè yí padà. Ti inú ìwé yín kò gbọ́dọ̀ yí padà láé. Lẹ́yìn náà, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ilé, ọjọ́ tí wọ́n yà á, orúkọ ẹni tó yà á, àti apá ibi tí ó kọjú sí. Ẹ gba fáìlì rẹ̀ látinú fóònù tó yà á gan-an. Ẹ má gba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp, nítorí ó ń dín ìwọ̀n àwòrán kù, ó sì ń bọ́ ọjọ́ àti ibi tí fóònù ti kọ mọ́ fáìlì náà dànù. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò. Èyí tí ẹ kò bá mọ ibi tí wọ́n ti yà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, kí ẹ tẹ́ wọn síwájú àwọn àgbàlagbà. Ẹ ó rí i pé ara ẹnu ọ̀nà tàbí igi kan ni wọn yóò ti dá ilé mọ̀, kì í ṣe ara ohun tí ẹ̀yin rò pé ẹ yà.

Lẹ́yìn fọ́tò, ìwé àtijọ́ ló kàn, àwọn ẹgbẹ́ bíi tiyín a sì máa gbàgbé rẹ̀. Ìwé tí ó ṣeé gbára lé jù ni èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní ìtàn lọ́kàn rárá. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Sanborn bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù ìlú fún àwọn adójútòfò iná ní 1867. Wọ́n fi àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kun ilé bíríkì, wọ́n fi yẹ́lò kun ilé pákó, wọ́n sì kọ iye àjà ilé kọ̀ọ̀kan sí i. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lónìí, kò sí ohun tó dà bí i fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òpópónà kan ṣe rí lọ́dún pàtó kan. Kí ẹ wá èyí tó bá wà ní ìlú tiyín: ìwé owó orí, ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníṣòwò, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé orúkọ ọmọ ilé ìwé, ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́. Ẹ ya ojú ewé rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti rí i àti nọ́ńbà tí wọ́n fi tò ó síbẹ̀.

Ní ti dúróònù, n kò ní bá àwọn tó fẹ́ rà á jà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kàn. Òrùlé àti bí ilé ṣe so mọ́ ilé ni ó ń fi hàn, ìyẹn sì dára. Ẹ yá a fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìyọ̀ǹda, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní òfin tó de fífò rẹ̀ láàárín ìlú. Ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wọn ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Andrew Tallon, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ti fi irú rẹ̀ wọn ilé ìjọsìn Notre-Dame ní Paris ní ọdún díẹ̀ kí iná tó jó o ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ìwọ̀n náà sì wúlò gan-an fún àwọn tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo nìyẹn, pẹ̀lú àwọn amòye àti owó lẹ́yìn rẹ̀, àwọn fáìlì rẹ̀ a sì máa tóbi débi pé kọ̀ǹpútà ilé lásán kò lè ṣí wọn. Okùn ìwọ̀n, ìwé, pẹ́ńsù àti ènìyàn méjì tó. Ẹ wọn gígùn yàrá, ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì, nítorí ilé àtijọ́ tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé ṣọ̀wọ́n. Láìsí ìwọ̀n igun sí igun yẹn, ilé tó gún ni ẹ ó yà sórí ìwé, kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ dúró kí iwájú ilé kọjú sí yín gbọọrọ, kí ẹ fi ọ̀pá tí ẹ sàmì ìwọ̀n sí ti ògiri. Ẹ wọlé, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ ya àtẹ̀gùn, ilẹ̀ yàrá, ìlẹ̀kùn àti bí wọ́n ṣe so ó mọ́ férémù. Iwájú ilé ni gbogbo ayé máa ń yà. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tún ṣe, òun náà sì ni kì í sí nínú fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí kò fẹnu kò ni mo rò pé ẹ ti ṣi lóye jù. Ẹ rò pé iṣẹ́ yín ni láti mọ ẹni tó sọ òtítọ́ nínú wọn kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ gba ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ẹni tó bi í ní ìbéèrè, kí ẹ sì máa béèrè ìbéèrè kan tí àwọn ènìyàn kì í rántí béèrè: “Ta ló sọ ọ́ fún yín, ọmọ ọdún mélòó sì ni yín nígbà náà?” Ìdáhùn sí ìyẹn a máa tú ìjà púpọ̀ ká, nítorí ẹ lè wá rí i pé ẹnìkan ń sọ nípa ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀, tí ẹnìkejì sì ń sọ nípa èyí tí wọ́n kọ́ lé ojú rẹ̀. Níbi tí kò bá ti tú ká, ẹ kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ sọ ìtàn àdúgbò yìí fún wa”, torí ìtàn tí wọ́n ti ń sọ ní gbangba ni wọn yóò tún sọ. Ẹ béèrè ẹni tó ń sùn ní yàrá wo, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ ilé, àti ìgbà tí wọ́n mọ ògiri tó dí fèrèsé yẹn. Bí ó bá ṣeé ṣe, inú ilé náà gan-an ni kí ẹ ti béèrè, torí ẹsẹ̀ a máa rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé.

Kí ẹ má sì dúró lọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó nílé nìkan. Ní Cape Town, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1966 pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló lè máa gbé ní District Six. Àwọn tó tó 60,000 ni wọ́n lé kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ayálégbé tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ilẹ̀ kankan. Ní District Six Museum, tó ṣí ní 1994 nínú ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́ kan, máàpù àdúgbò náà tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, àwọn tí wọ́n lé sì kọ orúkọ wọn sí ojú ibi tí ilé wọn wà. Àwọn pátákó orúkọ òpópónà tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó bójú tó wíwó ilé ni wọ́n ti rí wọn gbà. Ó ti kó wọn pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo mẹ́nu ba ìyẹn nítorí pé ẹni tí ẹ kà sí ọ̀tá iṣẹ́ yín, ẹni tó ń wakọ̀ katakata pàápàá, lè ní ohun tí ẹ ń wá nílé. Ìwé àdéhùn tí ICOMOS, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn ilé àti ibi àtijọ́, gbé jáde ní 1987 lórí ìlú àtijọ́ ti sọ ọ́ pé láìsí ìkópa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò lè yọrí. Àbá tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2011 sì ka ìgbé ayé àwọn ènìyàn mọ́ ohun àjogúnbá ìlú, kò fi mọ sí ilé nìkan.

Ìbẹ̀rù àwọn onílé kì í ṣe àìmọ̀kan. Àkọsílẹ̀ tó sọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe pín in lè di ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́. Fọ́tò tó fi inú ilé hàn lè ran olè lọ́wọ́. Ariwo tó bá sì pọ̀ lórí ẹwà àdúgbò lè mú kí owó ilé lọ sókè fún ayálégbé. N kò ní òògùn fún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun ní, ẹ wádìí rẹ̀ wò. Fún àwọn yòókù, ẹ pín àkọsílẹ̀ sí èyí tí gbogbo ènìyàn lè rí àti èyí tó wà ní ìpamọ́ fún iye ọdún tí ẹni tó fún yín bá dá. Kí ìyọ̀ǹda fún ohùn, fún orúkọ, fún fọ́tò ojú, àti fún inú ilé dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní kíkọ, ní èdè tí onítọ̀hún gbọ́, kí ó sì mọ̀ pé òun lè yí ọkàn padà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹ ó gbé jáde. Ilé ni ẹ ń kọ nípa rẹ̀. Fọ́tò ìdílé tí wọ́n yá yín, ẹni tó yà á lè ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ lórí èyí, nítorí náà agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìlú yín ni kí ẹ bi.

Facebook dára fún pípe ènìyàn, kò dára fún ìpamọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ojú ewé tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn kọ sórí GeoCities, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ilé iṣẹ́ tó ni ín tì ní 2009, ohun tí a ṣì ń rí nínú rẹ̀ lónìí jẹ́ èyí tí àwọn kan yára dà kọ. Ẹ̀dà méjì nínú ìlú kan náà kò tó pẹ̀lú. Ẹ̀dà méjì ni ìlú Paris ní nínú ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú àwọn ará ìlú, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjèèjì ló sì jóná nínú rògbòdìyàn oṣù Karùn-ún ọdún 1871. Ẹ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan ní ilé ìkàwé tàbí ibi ìpamọ́ ìwé tó ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, àti ọ̀kan ní ìlú mìíràn pátápátá. Ìwé ìtàn tí àwọn kan nínú yín fẹ́ kọ, ẹ jẹ́ kí ó kẹ́yìn; bí ó bá kọ́kọ́ jáde, àwọn tí ẹ bá lọ bá lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa ka ìwé náà sí yín létí dípò ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀.

Iye iṣẹ́ yìí pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a sì tú ká kí wọ́n tó kọjá òpópónà kejì. Ẹ mú òpópónà kan, èyí tí ewu rẹ̀ súnmọ́ jù, kì í ṣe èyí tó lẹ́wà jù, kí ẹ ṣe é tán, kí ẹ gbé e jáde, kí ẹ sì pe àwọn ará ibẹ̀ wá wò ó kí wọ́n tún un ṣe fún yín. Onílé tó bá kọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ lọ, àti pé kò fọwọ́ sí i. Ẹ ya ohun tó hàn láti ojú títì tí òfin bá gbà á, kí ẹ sì kọjá sí ilé tó kàn.